Alága Gachomba àti Àká Tí Ó Fi Aṣọ Bò

Bí ẹ bá pàdé Ezbon Gachomba lọ́nà láyé ìgbà tí ó wà lórí àga, tí ẹ sì kí i pé, "Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Gachomba," kò ní dá yín lóhùn. Kì í ṣe pé etí rẹ̀ di. Ó ń dúró de ìyókù orúkọ rẹ̀ ni. Orúkọ náà ní kíkún ni Mheshimiwa Alága Alàgbà Ọ̀mọ̀wé Ezbon Gachomba, Bàbá Òdòdó, Ìmọ́lẹ̀ Kinangop. "Mheshimiwa," tí í ṣe Ọlọ́lá, òun fúnra rẹ̀ ló fi jẹ ara rẹ̀. "Alàgbà" tọ̀ ọ́ wá láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dún tí ó ra páànù fún ilé pásítọ̀. "Ọ̀mọ̀wé" ti yunifásítì kan wá tí kò ní ilé, tí kò ní akẹ́kọ̀ọ́, àpótí lẹ́tà nìkan ló ní. Ní ti "Ìmọ́lẹ̀ Kinangop," alẹ́ ọjọ́ kan ni iná lọ níbi ìpàdé, Gachomba bá tan tọ́ọ̀ṣì.

Òun ni alága Ẹgbẹ́ Olódòdó Apá Òkè. Àwọn àgbẹ̀ kéékèèké tó ń gbin róòsì lórí òkè Kinangop ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ kí wọ́n lè máa jùmọ̀ ta òdòdó wọn sí ìlú òyìnbó. Àlejò tó bá fẹ́ wọ yàrá iṣẹ́ alága, akọ̀wé rẹ̀ tó ń jẹ́ Kimotho a kọ́kọ́ ka orúkọ náà sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àlejò a tún un kà, wọn a wá jọ pa àtẹ́wọ́ tí wọ́n ń fi kílò kà, kílò mẹ́ta, irú èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pa fún èèyàn ńlá. Ẹni tó wá sọ pé ilé ń jó kò ní í rí ààyè sọ ọ́ títí ilé á fi jó tán.

Kimotho yìí, kò sí ohun tí ọ̀gá rẹ̀ sọ rí tí kò dára létí rẹ̀. Bí Gachomba bá sín, Kimotho a ní, "Sísín àgbà! Ọgbọ́n ló wà nínú ẹ̀!"

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà nílẹ̀ kí ẹ tó máa rẹ́rìn-ín. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí ń jẹ lódidi ọdún, oṣù kejì ni ó ti ń wá, nígbà tí àwọn olólùfẹ́ lókè òkun ń fi róòsì pupa ránṣẹ́ síra wọn fún ọjọ́ Falentáìnì. Róòsì tó bá dé lọ́jọ́ kejì rẹ̀, koríko ni. Owó ilé ìwé ọmọ, òògùn ìyá àgbà, irúgbìn ọdúnkún tí wọ́n máa gbìn lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà lórí pé kí òdòdó dé ilé ẹni tó rà á. Oṣù kẹta ni wọ́n sì ń dìbò yan alága. Gachomba fẹ́ wọlé padà, ṣùgbọ́n ohun tó ń fẹ́ gan-an jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ti gbọ́ pé mínísítà ń wá ẹni tí yóò fi ṣe alága gbogbo olódòdó orílẹ̀-èdè Kenya, ó sì ti ń dá orúkọ oyè náà pè nínú dígí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni ìpàdé ìgbìmọ̀ kan, níbi tí Ẹnjiníà Sabina Chelagat ti dìde. Ọmọ Kericho ni, òun ló ń bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́. Ó kàwé, ó mọṣẹ́, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò fún un ní ẹnu tútù. Bí ó bá rí òmùgọ̀, òmùgọ̀ ni í pè é, ìyẹn sì ti lé e kúrò níbi iṣẹ́ rí.

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin èèyàn mi," ni ó wí. "Báyìí tá a wà yìí, kálukú ló ń tọ́jú àgbàdo tiẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn tó ń gba ọjà ní kọ̀ǹpútà tiwọn, yàrá tútù tá a ń kó òdòdó sí ní tiẹ̀, àwọn tó ń kọ ìwé ọkọ̀ òfuurufú ní tiwọn. Bí ọ̀kan bá kú, gbogbo ohun tó wà níkùn ẹ̀ á bá a kú. Àbí ẹ ti gbàgbé ti èṣí? Òdòdó ìsìnkú la kó lọ síbi ìgbéyàwó."

Àwọn ìgbìmọ̀ rántí. Ìyàwó tuntun náà ṣì ń kọ lẹ́tà sí wọn.

"Ohun tí mo ń sọ ni pé ká ní àká kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ tó kún fún àwo ìpamọ́ tí kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan sí, tó ní ojú ọ̀nà tiẹ̀ tí nǹkan mìíràn ò ní gbà. Gbogbo kọ̀ǹpútà wa á máa gba ojú ọ̀nà yẹn lọ bu ohun tí wọ́n fẹ́. Bí kọ̀ǹpútà kan bá kú lónìí, òmíràn á bọ́ sípò ẹ̀, iṣẹ́ á máa lọ, torí pé àgbàdo ò sí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹnì kankan mọ́. Bí ọjà bá pọ̀ sí i, a ó fi àwo kún un láìti ìsọ̀. A ó wá gbé ìkejì ẹ̀ sí Nakuru, kó máa da gbogbo ohun tí ti ibí bá gbà kọ bó ṣe ń gbà á. Bí iná bá jó ibí, Nakuru wà."

Inú ìgbìmọ̀ dùn. Mama Wamaitha, tó ni oko róòsì tó gùn jù ní Apá Òkè, ní, "Ọmọ yìí, o ṣeun. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an lo sọ yẹn."

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àlàyé yìí, gbólóhùn kan ṣoṣo ló wọ etí Gachomba.

"Dúró níbẹ̀. O ní gbogbo ẹ̀ka iṣẹ́ ni yóò máa wá bu níbì kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mheshimiwa."

"Tí ẹni tó bá jókòó níbẹ̀ á sì wà lórí ohun gbogbo?"

"Kò sẹ́ni tó máa jókòó níbẹ̀. Ẹ̀rọ ni."

"Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó níbẹ̀," ni Gachomba wí, ojú rẹ̀ sì ti ń wo ọ̀nà jíjìn. "Níbo lọpọlọ ń gbé? Ṣé ẹsẹ̀ ni? Orí ni! Ta ni orí ẹgbẹ́ yìí?"

"Ẹ̀yin ni!" ni Kimotho dáhùn. "Orí wa! Irun wa pàápàá!"

Ibi tí wọ́n gbà pé ẹ̀rọ náà máa wà nìyẹn. Inú yàrá iṣẹ́ alága, lórí kápẹ́ẹ̀tì pupa.

Nígbà tí àwọn ẹ̀rọ dé láti Nairobi, méjì ni wọ́n, dúdú, wọ́n ga tó kọ́bọ́ọ̀dù. Gachomba kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ láti kí wọn káàbọ̀. Ó ti pàṣẹ pé kí ẹni tó ń ya fídíò máa ya gbogbo ọ̀rọ̀ tí òun bá sọ, láti ọjọ́ yẹn lọ, kí wọ́n sì kó o sínú àká náà. Ó ní bí òun bá kú tán, àwọn ọmọ iléèwé á fẹ́ gbọ́ ọ.

"Àwo wo ni ká kó o sí?" ni Chelagat bi í, ojú rẹ̀ ti le.

"Ọ̀rọ̀ mi ni ìpìlẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni kó wà, kí ìyókù dúró lé e lórí. Kí àyè ẹ̀ sì pọ̀ ju ti gbogbo ẹ̀ka lọ. Má fi òdòdó há mi mọ́ra."

Chelagat mi orí, ó sì ṣe bí wọ́n ti wí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìsàlẹ̀ pátápátá yẹn. Èmi náà kò ní gbàgbé.

Ó ku ẹ̀rọ kejì. Ọkọ̀ akẹ́rù ti ń dúró láti gbé e lọ sí Nakuru. Gachomba wo àga rẹ̀, ó wo apá ọ̀tún rẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ dúró sí, ó wo apá òsì tó ṣófo, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́ fún apá òsì náà.

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ níhìn-ín."

"Mheshimiwa, ti Nakuru nìyẹn!"

"Kí ni Nakuru fi jù mí lọ? Kí ọgbọ́n mi lọ máa sun ilé onílé?"

"Kì í ṣe ọgbọ́n yín, àkọsílẹ̀ àwọn àgbẹ̀ ni! Bí méjèèjì bá wà lójú kan, ohun tó bá pa ọ̀kan á pa ìkejì! Kí la wá rà á fún?"

"Nítorí ẹwà," ni Gachomba wí.

Wọ́n gbé e sí apá òsì. Nígbà tí ó wá jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, Kimotho ní òun kò rí irú rẹ̀ rí, àyàfi nínú ìwé Dáníẹ́lì, níbi tí kìnnìún gbé pọ̀.

Ẹ̀rọ amúlétutù ló tún dá ìjà sílẹ̀. Chelagat ní ẹ̀rọ wọ̀nyí ń gbóná bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ ní atẹ́gùn tútù tọ̀sán-tòru. Níhìn-ín, ká sọ òótọ́, Gachomba rí nǹkan sọ. Kinangop kì í ṣe ibi tí èèyàn ń ra òtútù. Ìrì dídì ń pa ọdúnkún lóko, aṣọ òtútù ni àwọn ará ibẹ̀ ń wọ̀ lọ bá màlúù lówùúrọ̀. Ó bi ìgbìmọ̀ pé ṣé ẹni tó ń gbé inú odò ń ra omi ìfọṣọ. Ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yọ ẹ̀rọ amúlétutù kúrò. Ohun tí kò sọ fún wọn ni pé nítorí òtútù yìí kan náà, òun máa ń ti fèrèsé pa, jiko, ìyẹn àdògán eléèédú, á sì máa jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún òun láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Kitambaa ló wá parí rẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ ilé èèyàn níbẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ: aṣọ funfun tí àwọn obìnrin ń fi abẹ́rẹ́ oníkọ̀kọ́ hun, tí wọ́n ń fi bo àga, tẹlifíṣọ̀n, rédíò, àní igò omi. Ohun tó bá níyì, wọ́n gbọ́dọ̀ bò ó. Ohun tí kò bá ní kitambaa lórí, ó jọ pé onílé kò kà á sí. Mama Wamaitha àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó, wọ́n hun méjì tó tóbi, tó nípọn, tí wọ́n fi òwú pupa kọ "Bàbá Òdòdó" sí láàárín. Ọkàn mímọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Àkọsílẹ̀ òdòdó wọn wà níbẹ̀, kí wọ́n má wà ní ìhòòhò.

Gachomba fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Fúnra rẹ̀ ló fi wọ́n bo àwọn ẹ̀rọ náà láti òkè dé ilẹ̀, gbogbo ihò tí wọ́n fi ń mí sì pa dé.

Ní ìrọ̀lẹ́, Chelagat ṣí wọn kúrò. Ní àárọ̀, Gachomba bò wọ́n padà. Ọmọbìnrin náà tún ṣí wọn, alága tún bò wọ́n.

"Ẹ ń fi aṣọ fún un lọ́rùn!" ni ọmọbìnrin náà pariwo níkẹyìn. "Ìwà òmùgọ̀ ni!"

Kimotho di etí rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà má bàa wọlé. Gachomba dìde, ó ní, "Ẹ̀bùn àwọn ìyá lò ń ṣí kúrò yẹn. Ìwọ ọmọ yìí, o ò níyàá ni? Láti òní lọ, o ò gbọdọ̀ wọ yàrá yìí mọ́. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ á máa wà."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni Gachomba kọ ìwé sí mínísítà pé kó wá ṣí Ilé Ọgbọ́n òun, bí ó ti ń pe yàrá náà. Ọjọ́ tó mú bọ́ sí ọ̀sẹ̀ Falentáìnì, nígbà tí àwọn olùrà ń pè lemọ́lemọ́, tí àwọn àká méjèèjì sì ń ṣiṣẹ́ ju bí wọ́n ti ṣe rí lọ.

Mínísítà dé pẹ̀lú ọkọ̀ rẹpẹtẹ. Wọ́n ti gbé jiko mìíràn wọlé kí òtútù má bàa mú un, jiko wá di méjì. Yàrá náà kún fọ́fọ́, fèrèsé wà ní títì. Wọ́n fi chai, ìyẹn tíì, àti mandazi tó jọ púfú-púfù ṣe é lálejò, Kimotho sì ka orúkọ ọ̀gá rẹ̀. Ó kà á pẹ́ débi pé mínísítà jẹ mandazi mẹ́ta. Gachomba bá dìde.

"Mheshimiwa Mínísítà! Ẹ̀yin tí oòrùn ń bi léèrè kó tó yọ! Lónìí, Kinangop ti di olú ìlú ìrántí! Kí ni èèyàn? Ìrántí ni! Kí ni òdòdó? Ìrántí tó ń ta sánsán! Ta wá ni olùtọ́jú ìrántí?"

"Ẹ̀yin ni!" ni Kimotho dáhùn.

Lábẹ́ kitambaa apá ọ̀tún, nǹkan kan ké: píì, píì, píì.

Gbogbo ojú yí síbẹ̀. Gachomba gbé orí rẹ̀ sókè, ẹ̀rín músẹ́ yọ lójú rẹ̀. "Ẹ gbọ́! Ó ń kí Mheshimiwa!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ kílò kan. Ti apá òsì náà gbà á: píì, píì. Wọ́n pa kílò mìíràn. Bí ẹ̀rọ ti ń ké ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́, bí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ ni ẹ̀rọ túbọ̀ ń ké. Níta, Chelagat gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé, ó fẹ́ já ilẹ̀kùn wọlé, àwọn ọlọ́pàá mínísítà sì dì í mú ṣinṣin. Ó ń kígbe pé, "Ẹ ṣí aṣọ yẹn! Ẹ ṣí aṣọ yẹn!" Àwọn tó wà nínú ilé rò pé orin ló ń kọ.

Gachomba gbé etí kitambaa kan sókè díẹ̀ kí mínísítà lè rí ẹwà inú rẹ̀. Àwọn iná kéékèèké tó máa ń tàn ní àwọ̀ ewé ti yí padà.

"Ẹ wò ó! Ó ti wọ aṣọ pupa nítorí àwọn olólùfẹ́!"

"Gachomba," ni mínísítà wí, ó ń fa imú, "ṣé ẹ ń yan nǹkan níbí ni?"

"Òórùn ohun tuntun ni, Mheshimiwa."

Ẹ̀rọ apá ọ̀tún dákẹ́. Ti apá òsì, tí wọ́n rà pé kó dúró bí ti ọ̀tún bá ṣubú, dákẹ́ tẹ̀lé e. Gachomba ní ọ̀wọ̀ ló mú wọn dákẹ́, ó sì tẹ̀ síwájú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò tíì kọjá ìdajì nígbà tí Njambi, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá tútù, sáré wọlé láìka orúkọ ẹnì kankan.

"Kọ̀ǹpútà wa ò rí nǹkan kan mọ́!"

Ẹni tó ń gba ọjà wọlé tẹ̀lé e: "Tiwa náà!" Ẹni tó ń kọ ìwé ọkọ̀ òfuurufú dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kàn na ọwọ́ méjèèjì síta. Mínísítà gbé fìlà rẹ̀. Ó ní òun rántí ìpàdé kan ní Nairobi.

Kò sẹ́ni tó mọ ohunkóhun mọ́. Yàrá tútù kún fún àpótí róòsì dé àjà. Èwo ni ti Amsterdam, èwo ni ti Dubai, ta ló ní kó gùn, ta ló ní kó kúrú, èwo ló yẹ kó wọ ọkọ̀ òfuurufú ìrọ̀lẹ́ yẹn? Kálukú ló ti jáwọ́ nínú fífi tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti ìgbà tí àká ti dé. Àká sì ti jóná.

"Ẹ kó wọn lọ sí Yúróòpù!" ni Gachomba pàṣẹ. "Yúróòpù ò tóbi. Bí wọ́n bá débẹ̀, wọ́n á mọra wọn."

Chelagat ti kọjá lára rẹ̀. Òun àti Njambi àti àwọn yòókù jókòó ti fóònù, wọ́n ń pe ẹni tí wọ́n bá rántí nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rà lọ́wọ́ wa?" Àwọn kan sọ. Àwọn kan bínú, wọ́n lọ ra tiwọn ní Ethiopia. Ọkọ̀ akẹ́rù díẹ̀ ló rí ọ̀nà lọ. Ìyókù wà níbẹ̀, wọ́n ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, róòsì tó bá sì ti ṣí tán, kò sólólùfẹ́ tó máa fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ wá di ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mama Wamaitha lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tútù, ó wo ìkórè odidi ọdún kan, ó sì sunkún níṣojú gbogbo èèyàn. Inú ń bí mi títí di òní bí mo bá rántí rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Falentáìnì, ìyàwó Gachomba, Priscah, ṣí aṣọ fèrèsé.

"Baba Ngare, ẹ wá wò ó. Èèyàn ti kún ẹnu géètì wa. Gbogbo wọn ló gbé òdòdó lọ́wọ́."

Gachomba ti fi ọjọ́ bíi mélòó kan dùbúlẹ̀ láì jẹ ohun tó dára. Bí ó ti gbọ́ "òdòdó," ó dìde bí ọmọ ogún ọdún.

"Mo wí fún ọ, àbí n ò wí? Àwọn èèyàn mi ò lè ṣe láìsí mi. Bá mi mú kóòtù dúdú yẹn."

"Ẹ̀yin, ojú wọn ò jọ ojú ẹni tó wá—"

"Fìlà dà?"

Ó jáde. Lóòótọ́, òdòdó pọ̀! Àwọn kan gbé e sí èjìká, àwọn kan kó o sínú kẹ̀kẹ́ tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fà, róòsì pupa dé ibi tí ojú ń wò mọ. Ó gun orí àpótí kan, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Ìfẹ́ yín yìí pọ̀ jù! Ní ọjọ́ ìfẹ́, ẹ rántí ẹni tó—"

"Mheshimiwa," ni Mama Wamaitha wí jẹ́jẹ́, "ẹ sọ̀ kalẹ̀. A ò wá kí yín. Àwọn róòsì yìí ò mọ ilé tí wọ́n ń lọ ni. Ẹ̀yin lẹ ní orí ni ìmọ̀ ń gbé. Ẹ bá wa sọ ọ̀nà ilé wọn fún wọn."

Ó ju tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Ẹni tó tẹ̀ lé e ju tirẹ̀ lé e. Báyìí ni wọ́n ń kọjá, tí wọ́n ń jù ú sílẹ̀, láìpariwo, láìbúni, títí òdòdó fi ga ju géètì lọ. Gachomba dúró lórí àpótí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. Ọkọ̀ rẹ̀ kò lè jáde. Ewúrẹ́ àdúgbò ló bá a ro ọ̀nà náà láti ọjọ́ kejì lọ.

Ẹ lè rò pé yóò fara pa mọ́. Ẹ kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ìpàdé ọdọọdún dé lóṣù kẹta, tí wọ́n ta àgọ́ sí pápá iléèwé, ó wọ kóòtù dúdú náà wá, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀.

"Ọ̀tá wà láàárín wa! Ta ló gbé ẹ̀rọ méjèèjì sójú kan? Ẹnjiníà ni! Ta ló kọ ẹ̀rọ amúlétutù? Ẹnjiníà ni! Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní, 'Ọmọ mi, gbé ọ̀kan lọ sí Nakuru.' Kò gbọ́!"

"Kò gbọ́!" ni Kimotho wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò lọ sókè tó ti tẹ́lẹ̀.

Orí àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Wọ́n kò sí níbẹ̀ nígbà tí àwọn ẹ̀rọ dé. Òṣìṣẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Chelagat rí i pé ọ̀nà ilé ni wọ́n fẹ́ fi han òun. Ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn síwájú.

"Àwọn ará Nairobi ti tú àká yẹn," ni ó wí. "Gbogbo àwo òkè ló jóná. Òdòdó yín, orúkọ àwọn olùrà yín, kò sí ọ̀kan tó kù. Ìsàlẹ̀ pátápátá nìkan ni ooru ò dé. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀."

Ó tẹ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ tí alága ti bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ. Ohùn Kimotho ló kọ́kọ́ jáde, ó ń ka orúkọ náà láti Mheshimiwa dé Ìmọ́lẹ̀ Kinangop. Wọ́n ní sùúrù títí ó fi kà á tán. Àtẹ́wọ́ kílò mẹ́ta dún nínú ẹ̀rọ. Gachomba, nítorí ìwà tó ti mọ́ ọn lára, bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Òun nìkan ni. Ó dúró. Ohùn rẹ̀ wá jáde, ó kún, ó dùn:

"Ẹnjiníà ní ká gbé ọ̀kan lọ sí Nakuru. Mo ní rárá! Ẹnjiníà ní ooru á pa á. Mo ní ní Kinangop kẹ̀? Bí ọmọ ọmọ yín bá bi yín pé ta ló pàṣẹ, ẹ wí fún wọn: Gachomba ni! Òun nìkan! Kò bi ẹnì kankan!"

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Ti Gachomba kò fọ́. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú rẹ̀ síbi tó dára jù nínú àká.

Mama Wamaitha dìde. "Èmi ni mo hun aṣọ tó pa á," ni ó wí. "Mi ò ní í purọ́. Ṣùgbọ́n èmi ò mọ̀ pé ó ń mí. Ẹni tó mọ̀ sọ fún Gachomba, Gachomba sì tì í síta. Kí lẹ tún fẹ́ gbọ́? Ẹ jẹ́ ká tò."

Bí wọ́n ti ń dìbò níbẹ̀ nìyẹn, wọ́n ń tò sẹ́yìn ẹni tí wọ́n bá fẹ́, lójú gbogbo ayé. Wọ́n ní kí Mama Wamaitha dúró lápá kan, Gachomba dúró lápá kejì. Ìlà obìnrin náà gùn kúrò lábẹ́ àgọ́, ó gba ojú góòlù kọjá. Lẹ́yìn Gachomba, Kimotho nìkan ló wà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ so okùn bàtà, ó ń so ó, ó ń rìn, ó ń so ó, ó ń rìn, nígbà tó fi máa nàró, ó ti wà nínú ìlà kejì. Bàtà tó wọ̀ kò sì ní okùn. Gachomba yíjú padà láti wo àwọn èèyàn rẹ̀, ó rí koríko.

Àká ti wà báyìí, ẹ̀rọ tuntun méjì. Ọ̀kan wà nínú yàrá kékeré kan tó tutù, tí kò ní àga, kò ní kápẹ́ẹ̀tì, kò ní kitambaa. Ìkejì wà ní Nakuru. Kò sẹ́ni tó ń kí wọn, kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Kọ̀ǹpútà àwọn tó ń gba ọjà kú lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ jù, òmíràn gba iṣẹ́ náà, àwọn tó wà lórí ìlà kò tilẹ̀ mọ̀.

Lórí ìlà yẹn ni Gachomba wà láàárọ̀ ọjọ́ kan, pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ àti garawa róòsì láti oko kékeré tó ṣẹ́ kù fún un. Ó kàn án. Njambi, tó ti di ara àwọn tó ń gba ọjà, kò gbé ojú sókè.

"Orúkọ?"

Gachomba na ọrùn rẹ̀. "Mheshimiwa Alága Alàgbà Ọ̀mọ̀wé—"

"Bàbá, àyè ibí ò gùn tó bẹ́ẹ̀."

Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Gachomba," ni ó wí.

Kí ó tó pa ẹnu dé, ẹ̀rọ ti gbé e jáde: oko rẹ̀, irú róòsì rẹ̀, bó ṣe gùn tó, àpótí tó máa wọ̀, ìlú tó ń lọ.

"Ó ti wọlé," ni Njambi wí. "Ó ti dé Nakuru náà."

"Orúkọ mi? Ó ti dé Nakuru?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Bí ibí bá jó lónìí, Nakuru á rántí yín."

Gachomba dúró, ó di fìlà rẹ̀ mú sáyà. Láyé rẹ̀, gbogbo ohun tó ti ń wá kò ju èyí lọ: kí orúkọ òun wà níbì kan tí kò ní í parẹ́. Ó ti wá rí i, láìsọ ọ̀rọ̀ kan, lórí ìlà, pẹ̀lú garawa. Omi lé sí i lójú. Ó gbé garawa tó ti ṣófo, ó fa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀, ó rìn díẹ̀, ó sì padà wá.

"Ọmọ mi," ni ó sọ sí i létí, "ṣé kò ṣeé ṣe kó o bá mi fi 'Alàgbà' síwájú ẹ̀? 'Alàgbà' nìkan?"

Njambi wò ó.

"Bàbá," ni ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún síwájú. Òdòdó èèyàn wà lẹ́yìn yín."